Kónílé-ó-gbélé Kò De Iwin

Àwọn kan ti Lọ́ńdọ̀nù dé, wọ́n sì ti tún kó ọgbọ́n òwò tuntun bọ̀. Wọ́n ní owó ń bẹ lára òkú. Wọ́n ní lọ́hùn-ún, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, èèyàn á sanwó, á tò tẹ̀lé ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú balẹ̀, tó dé akẹtẹ̀ gogoro, tó gbé àtùpà lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí á mú wọn kiri ìgboro, á máa nawọ́ sí ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n bẹ́ ìyàwó ọba lórí níbí, ẹnì kan para rẹ̀ lọ́hùn-ún, fèrèsé tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ojú òkú máa ń yọ níbẹ̀ tó bá di ọ̀gànjọ́. Àwọn tó sanwó á pariwo, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ mu bíà. Kí ló dé tí àwa náà ò ṣe é? Ṣé òkú ló wọ́n wa ni?

Òkú ò wọ́n wa. Ọ̀nà tí alààyè máa gbà dé ọ̀dọ̀ wọn lóru ni ìṣòro. Kí ẹni tó fẹ́ dá irú òwò yìí sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́kọ́ gbé e lọ sí Ìlobù àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, ká wò ó. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025: ìjà ilẹ̀ tó ti ń rú tó ń rọlẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì tún bẹ́ sílẹ̀, ó kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun náà, ni ìjọba Gómìnà Ademola Adeleke bá kéde kónílé-ó-gbélé. Nígbà náà, mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ tí òfin gbà láyè láti máa rìn níbẹ̀ lóru: ọlọ́pàá, ṣọ́jà, àti iwin.

Ẹ bá wa ro bí ìrìn àfẹ́ náà ì bá ṣe rí. Amọ̀nà ti wọ kóòtù dúdú rẹ̀, àtùpà ti wà lọ́wọ́, àwọn àlejò ti sanwó. Wọn ò tíì rìn dé oríta àkọ́kọ́ tí tọ́ọ̀ṣì ṣọ́jà fi bọ́ sí wọn lójú. Ta nìyẹn? Àwa ni, sà. Kí lẹ̀ ń wá? Òkú là ń wá, sà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ká ọwọ́ sórí! Kí ṣọ́jà tó lóye ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn tó sanwó láti rí òkú á ti sún mọ́ ọn ju bí wọ́n ṣe bá amọ̀nà ṣàdéhùn lọ.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Iwin tiwa gan-an kì í jókòó síbi kan. Àkúdàáyà tó bá kú ní Ifọ́n kò ní dúró lójú fèrèsé ní Ifọ́n kí òyìnbó wá ya fọ́tò rẹ̀. Á lọ gba yàrá ní Kánò tàbí Kùmásí, á fẹ́ ìyàwó, á máa tajà, ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni yóò di àwátì. Bí a bá máa fi irú wọn ṣòwò, kí á yáa yá bọ́ọ̀sì ọlọ́nà jíjìn, kí kálukú mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání.

Ìlú York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára ibi tí òwò yìí ti lókìkí jù. Láti ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ ti ń mú èèyàn kiri lóru, wọ́n sì ní àwọn ni àkọ́kọ́ láyé. Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ fáwọn àlejò, ọ̀kan wà tó yẹ kí gbogbo ará Ìlobù àti Ifọ́n jókòó gbọ́ dáadáa. Lọ́dún 1953, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ páìpù, Harry Martindale, ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Treasurer's House. Ó gbọ́ ìró kàkàkí. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ ogun Róòmù ti ń yọ jáde lára ògiri, tàwọn tẹṣin, ó sì ti rẹ gbogbo wọn gan-an. Ọmọkùnrin náà já bọ́ lórí àkàbà. Ohun tó wá yà á lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ ogun náà kò ní ẹsẹ̀. Láti orúnkún sísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan. Àfi ìgbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà ni bàtà wọn tó hàn. Ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù là ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ti ga sí i. Òkú ò gbọ́. Ojú ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ nígbà ayé wọn ni wọ́n ṣì ń tọ̀.

Martindale di ọlọ́pàá nígbà tó yá. Èyí túmọ̀ sí pé ọlọ́pàá kan ti wà láyé rí tó rí nǹkan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sì fi kọ ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ọ̀rọ̀ orúnkún yìí wo ilẹ̀ tiwa. Ní York, ilẹ̀ ń ga, ẹsẹ̀ òkú ń rì. Lọ́dọ̀ wa, ojú títì ló máa ń rì. Ọ̀dà tí kọngílá dà lọ́dún tó kọjá, òjò ti kó o lọ. Kòtò tó wà lójú pópó, èèyàn lè fi sin ẹja. Nítorí náà, awakọ̀ tó kú lọ́dún 1975, tó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí títì tí ó mọ̀ nígbà ayé rẹ̀, kò ní rì dé orúnkún. Òkè orí wa ni yóò máa gbà kọjá. Àwọn àlejò á dúró sísàlẹ̀ nínú kòtò, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa wo táyà. Gbogbo ìjọba tó bá jẹ, bẹ́ẹ̀ ni iwin wa ń ga sí i. Bó bá fi máa di ọdún mẹ́wàá sí i, àwọn tó ń fò ní pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn ní láti máa ṣọ́ra fún wọn. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àsọdùn ni. Ẹni tó bá ti ọ̀nà ìgbèríko kan ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ní ilẹ̀ Yorùbá dé ní oṣù Òkúdù, ẹ bi í léèrè.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó gbé ìjà dé Ìlobù àti Ifọ́n kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ orúnkún. Tí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ní Ìlobù ibi tí ààlà wà, bàbá ńlá ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: ọdẹ báyìí ló kọ́kọ́ dé igbó yẹn, ibi tó pàgọ́ sí nìyí. Ẹ rìn díẹ̀ dé Ifọ́n, ẹ béèrè ohun kan náà, bàbá ńlá mìíràn ni wọ́n á pè jáde, ilẹ̀ kan náà ló sì tẹ̀. Ìrìn wíwo iwin ti wà níbẹ̀ tipẹ́ o, ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣe é. Amọ̀nà méjì ló ní, ọ̀kan láti ààfin Olóbù, ọ̀kan láti ààfin Olúfọ́n, oko kan náà ni wọ́n ń nawọ́ sí, iwin tí kálukú ń rí yàtọ̀. Òkú tí kò ní ẹsẹ̀ ni à ń bi léèrè ibi tó tẹsẹ̀ dé.

Òfin Nàìjíríà pàápàá gbà kí òkú jẹ́rìí. Lọ́dún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lórí ilẹ̀ kan ní Warri, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni wọ́n fi ṣe èkíní. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún ṣáájú ìyẹn tí ẹjọ́ kan ti ilẹ̀ Gánà dé Lọ́ńdọ̀nù, Kojo Kejì pẹ̀lú Bonsie, lọ́dún 1957. Àwọn adájọ́ sọ níbẹ̀ pé bí ìtàn ìhà méjèèjì bá takora, kò sí ohun tí à ń wo ojú ẹlẹ́rìí sí. Ó lè máa fi òótọ́ inú sọ̀rọ̀ kó ṣì ṣì í sọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i ló ń rò. Wọ́n ní ká wo ohun tí àwọn alààyè ti ṣe lórí ilẹ̀ náà láwọn ọdún àìpẹ́: ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ta ló ń tà á, ta ló dákẹ́. Ìyẹn ni pé láti ọdún 1957 ni òfin ti ní kí iwin lọ jókòó.

Iwin ò jókòó. Ẹ̀fẹ̀ sì tán níbí yìí. Èèyàn kú nínú ìjà yìí. Ilé jóná, ṣọ́ọ̀bù jóná, ìyá arúgbó sá kúrò nínú yàrá tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Ìlú méjèèjì sún mọ́ra débi pé àlejò kò ní mọ ìgbà tó jáde nínú ọ̀kan wọ èkejì; àna ara wọn ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n wà níhìn-ín, àbúrò wà lọ́hùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé nítorí egungun bàbá ńlá ni wọ́n ṣe ń ju iná sílé àna. Pulọ́ọ̀tì ni wọ́n ń jà lé lórí. Òṣogbo ń fẹ̀ bọ̀, oko tí ẹnì kan kì í yà wò tẹ́lẹ̀ ti di owó, àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà ò sì sùn nílùú lóru ọjọ́ tí ìbọn dún. Ọmọ tálákà ló kú. Ọmọ tálákà kejì ló bọ́ sátìmọ́lé.

Ta ló wá yẹ kó ti bá wọn dá sí i kó tó di ti ṣọ́jà? Ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìlobù ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn (àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe), Ifọ́n sì ni ti Orólù. Ẹni tó bá fẹ́ rí àkúdàáyà, sẹkitéríàtì ni kó lọ. Lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022 ni wọ́n dìbò yan àwọn alága kan kí Gómìnà Oyetola tó lọ. Ilé ẹjọ́ pa wọ́n nípò lóṣù Bélú ọdún kan náà, wọ́n sì di òkú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá dìde, wọ́n gbọn eruku nù, wọ́n ń padà sí ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ 22 oṣù yẹn kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ tún dìbò, àwọn alága tuntun jáde. Àga kan, ìdí méjì. Ẹ̀mí lọ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, Àbújá sì di owó káńsù ọgbọ̀n mú.

Ní Edinburgh, ilẹ̀ Scotland, ọ̀nà kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mary King's Close. Lọ́dún 1992, aríran kan láti Japan ní òun rí iwin ọmọbìnrin kékeré kan níbẹ̀, Annie, tó ń sunkún pé bèbí òun sọnù. Láti ìgbà yẹn ni àwọn àlejò ti ń kó bèbí, súìtì àti owó sílẹ̀ fún un, wọ́n sì ń kó owó náà fún iṣẹ́ àánú. Owó tí wọ́n jù sílẹ̀ fún iwin dé ọwọ́ àwọn tó nílò rẹ̀. Owó tí òfin yàn fún alààyè ní Ìrẹ́pọ̀dùn àti Orólù ò kúrò ní Àbújá nígbà náà. Kí wọ́n kúkú fi Annie ṣe alága.

Ó sì wá dunni pé ìlú méjèèjì ní ohun tó ju iwin lọ láti fi han àlejò. Erinlẹ̀, òrìṣà ọdẹ tó di odò, Ìlobù ni ojúkò ìbọ rẹ̀. Odò yẹn náà ni wọ́n dí lọ́nà Ẹdẹ fún omi ẹ̀rọ. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà, àti Ulli Beier, òǹkọ̀wé, tí wọ́n dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, gbé Ìlobù kí Òṣogbo tó gbà wọ́n. Òrìṣà Olúfọ́n sì ti ti Ifọ́n dé Brazil, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Oxalufã, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ aṣọ funfun ní Salvador nítorí tirẹ̀. Àwọn tó wà ní ìkọjá òkun mọ Ifọ́n mọ aṣọ funfun. Tẹlifíṣọ̀n tiwa mọ̀ ọ́n mọ kónílé-ó-gbélé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbé kóòtù dúdú yín pamọ́ ná. Kí ìjọba Ọ̀ṣun rán àwọn awọnlẹ̀ jáde lójú ọ̀sán, kí wọ́n ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kí wọ́n tẹ máàpù rẹ̀ jáde sínú ìwé ìròyìn kí mẹ̀kúnnù rí i, kí wọ́n sì mú àwọn tó ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì lọ sílé ẹjọ́, ìbáà ṣe ìjòyè, ìbáà ṣe ọmọ oyè. Kábíyèsí méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ jókòó lórí ẹní kan kí aráyé rí yín. Kí obìnrin tó ń ta àkàrà lè tún gbé agbada kaná lálẹ́ kí ṣọ́jà má bi í pé ta nìyẹn.