Olóyè Lọ Sinmi ní Gorée

Ẹ mọ irú Olóyè yìí. Kò sí òde ìnáwó tí kò ti ń ráhùn pé ariwo Èkó fẹ́ pa òun, òun kan náà ló sì ń fi síréènì lé onímótò kúrò lójú títì. Nígbà tí dókítà ní kó lọ sinmi, ó mú ìyàwó rẹ̀ àti Ṣẹ́gun, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó di Sẹ̀nẹ̀gà. Ọkọ̀ ojú omi kò lò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ láti Dakar kó tó gúnlẹ̀ sí Gorée.

"Ṣẹ́gun, jíìpù dà?"

Kò sí. Erékùṣù náà kò ju hẹ́kítà 28 lọ, mọ́tò kì í rìn níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni àlejò ń fi rìn, ẹsẹ̀ ni àgùntàn ń fi rìn. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gan-an kọ́ ló dun Olóyè, bí kò ṣe pé kò sẹ́ni tó yà fún un lọ́nà. Òdòdó ń tanná lórí ògiri àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Faransé fi sílẹ̀, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn ò tilẹ̀ wo agbádá rẹ̀. Onílẹ̀kẹ̀ kan ló pè é ní "patron", ìyẹn ọ̀gá. Inú Olóyè dùn, ó ra ìlẹ̀kẹ̀ tó tó ọrùn mẹ́wàá.

Nígbà tó di alẹ́, tí àwọn èrò padà sí Dakar, òkun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Olóyè ní etí òun ń hó. Ó ní kí Ṣẹ́gun bá òun tan fújì lórí fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé Ilé Àwọn Ẹrú. Afinimọ̀nà ń sọ bí àwọn Potogí ṣe débẹ̀ ní 1444, bí àwọn ará Họ́lándì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ń já erékùṣù náà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó fi ilẹ̀kùn tó kọjú sí òkun hàn wọ́n. (Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lórí iye ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n Olóyè ò ráyè irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.) Àtẹ̀gùn méjèèjì tó tẹ̀ kọdọrọ bí apá ló ń wò.

"Èló ni wọ́n máa ta ilé yìí?"

Afinimọ̀nà ní kì í ṣe títà, pé láti 1978 ni UNESCO ti kọ orúkọ Gorée mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Olóyè rẹ́rìn-ín. "Kò sóhun tí owó ò lè rà."

"Baba Túndé," ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ wo ibi tí ẹ dúró sí."