Honda Camry Tí Mo Tà

Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan láyé tó ń ṣe Honda Camry. Toyota ló ni Camry, Honda ló ni Accord. Ọmọ tó ń kiri gàlà ní Wharf Road ní Àpápá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tà á, mo sì gbowó rẹ̀.

Alhaja kan tó ń ta páàtì tòkunbọ̀ ló ní kí n ṣe ìkànnì fún òun. Orí mi wú. Mo ní, "Alhaja, àpótí mẹ́rin péré ni. Oníbàárà á yan Toyota tàbí Honda, àpótí kejì á kó orúkọ mọ́tò wọn jáde, ìkẹta á kó ọdún, ìkẹrin á kó páàtì. Kò sẹ́ni tó máa ṣì í yàn."

"Ó dá ẹ lójú?"

Mo rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo gbàgbé ò ju ìlà kan lọ: bí èèyàn bá yí àpótí kìíní padà, ó yẹ kí ìyókù ṣófo. Tèmi ò ṣófo. Mẹkáníìkì kan ní Ajégúnlẹ̀ yan Toyota, ó yan Camry, ó wá rántí pé Honda lòun ń tún ṣe. Ó yí i padà. Toyota lọ, Camry jókòó pa síbẹ̀. Èmi náà ò fara balẹ̀ ka ohun tó kọ. Mo rí Camry, mo gbé iná iwájú Camry lọ fún un.

Mẹkáníìkì náà wo iná, ó wo Accord tó lanu sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wá wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, ojú ta lẹ yọ wá yìí?"

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń padà sí Àpápá, ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ ní Boundary, torí láti June 2022 nìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá. Mo gbé ojú Camry sáyà, mo ń fẹsẹ̀ rìn láàárín tírélà.

Mo tún ìkànnì náà ṣe, mo tún bà á jẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń falẹ̀: ẹni tó yan Toyota tó sì sáré yí i sí Honda, èsì Honda á kọ́kọ́ dé, ti Toyota á wá rọra wọlé, á bò ó mọ́lẹ̀. Àfìgbà tí mo fi nọ́ńbà sára ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tí mo ń da èsì tó bá pẹ́ dé nù, ló tó dáa.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹ àpótí ọdún. Alhaja bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló bi ẹ́ léèrè ọdún?" Lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, Accord 2003 ni End of Discussion, ti 2006 ni Discussion Continues, ti 2008 ni Evil Spirit. Camry 2003 ni Big Daddy, ti 2007 ni Muscle. Iná ẹ̀yìn End of Discussion ò sì bá Discussion Continues mu, bó ti wù kí àwọn méjèèjì jọra tó. Mo kó gbogbo orúkọ náà sínú àpótí kẹta. Ọjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Nítorí náà, ẹ yan orúkọ tí mẹkáníìkì yín ń pè é. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú èyí tó bàjẹ́, kẹ́ ẹ mú un dání wá sí ìsọ̀ Alhaja.