Alágbàtọ́ Ajá Ọdẹ

Alágbàtọ́ ajá ọdẹ wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n ti ń rí i láàárọ̀ Sátidé, òun àti ajá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí aṣọ òtútù ọrùn wọn gbówó lórí ju tirẹ̀ lọ. Ààyò rẹ̀ ni galgo, ajá gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ gíga tí kò lọ́ràá lára, tí àwọn ọdẹ Sípéènì fi ń lé ehoro ní pápá. Bí àsìkò ọdẹ bá ti parí níparí oṣù kìíní, ọ̀pọ̀ ọdẹ a já èyí tí kò wúlò mọ́ sójú títì. Àwọn ìkà inú wọn a so tiwọn rọ̀ sórí igi. Yorùbá ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti Sípéènì yàtọ̀: ajá etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọdẹ ni kò fọn fèrè mọ́. Òfin ààbò ẹranko tí ìjọba ibẹ̀ ṣe lọ́dún 2023 pàápàá yọ ajá ọdẹ sílẹ̀.

Alágbàtọ́ kì í rajà ní ti ajá. Ó ń ṣàánú ni. Kí wọ́n tó gbé ajá fún un, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá yẹ ilé rẹ̀ wò, bóyá ọgbà rẹ̀ ga tó, nítorí galgo mọ̀ ọ́n fò. Ẹni tí kì í gba àna rẹ̀ lálejò àfi kó kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ á yan àkàrà òyìnbó sílẹ̀ de olùyẹ̀wò yìí. Ajá á gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó di inú ọkọ̀, ó di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alágbàtọ́ á búra pé èyí ló kẹ́yìn. Ó ti búra bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnikejì rẹ̀ nínú ilé, tí kò sẹ́ni tó bi í, ti ń jókòó sórí àpótí.

Ó mọ ìlànà lórí: kí ajá àtijọ́ àti tuntun kọ́kọ́ pàdé níta, níbi tí kò sẹ́ni tó nilẹ̀, kí wọ́n jọ rìn díẹ̀, kí kálukú jẹun lọ́tọ̀, kí wọ́n fún àlejò ní ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta láti fi fara balẹ̀. Ó ń kà á fáwọn ẹlòmíràn bí àlùfáà. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kìíní gan-an, gbogbo wọn ti wà ní pálọ̀, ó ń ya fọ́tò. Àlejò tí kò gbé inú ilé rí ń sá fún àtẹ̀gùn, ó ń forí sọ ilẹ̀kùn onígíláàsì, ó sì tọ̀ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ajá àgbà tó ni àga tìmùtìmù ló máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ní tòótọ́. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ yé e. Ibi tó bá sì ti rí àwọn yòókù tí wọ́n ń tọ̀ lòun náà á máa lọ.

Àpá kan wà lẹ́sẹ̀ ajá. Lọ́sẹ̀ kìíní, bóyá wáyà ló fà á ya. Nígbà tí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, ìtàn ti gbó: ọdẹ inú rẹ̀ ti ní orúkọ, ó ti nírun imú, ó sì ti ń mutí. Ajá nìkan ló mọ òótọ́, oorun ló sì ń sùn.

Alágbàtọ́ kórìíra ọdẹ ṣíṣe dọ́kàn. Òfin ọdún 2004 tó ka fífi ajá lé ehoro léèwọ̀ ní England àti Wales dùn mọ́ ọn dénú. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ajá òun ti jáwọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan á kọjá, okùn á já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo agbo á tú, alágbàtọ́ á sì máa sáré tẹ̀lé wọn nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń pè wọ́n ní ọmọ. Galgo ò gbọ́: ojú ló fi ń dọdẹ, bó bá sì ti rí ẹran, etí rẹ̀ ti dí.

Síbẹ̀, alágbàtọ́ sàn fún ajá ju ọdẹ lọ. Ajá ń yó, ó ń sùn sórí tìmùtìmù, dókítà ẹranko sì mọ̀ ọ́n lórúkọ. Àwọn aládùúgbò nìkan ló ń ráhùn, pàápàá àwọn tó ní ológbò.