Èmi Kọ́ Ló Sọ Ọ́ O

Ẹ jókòó. Àpótí yẹn ti kán lẹ́sẹ̀ kan, ẹ fà á mọ́ ògiri kó má baà dà yín nù. Ẹ sì mọ̀ mí, èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ohun tí mo bá rí ni mò ń sọ. Èyí tí mo bá sì gbọ́ níbi tí mo ti ń gba atẹ́gùn lójú fèrèsé ara mi, ta ni yóò sọ pé mo jí i gbọ́? Yàrá mi àti yàrá Màmá Aláró, ògiri kan ló là wọ́n, ògiri náà sì ti lanu láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹ̀yìn ilé. Màmá ti dàgbà, etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Bí Àdùkẹ́ ọmọ wọn bá pè láti Lọ́ńdọ̀nù, sípíkà ni wọ́n máa ń fi fóònù sí, ohùn rẹ̀ á sì gba gbogbo agboolé kan. Gbogbo wa la jọ ń gbọ́. Àwọn tó kù kàn kì í fọkàn sí i ni.

Àdùkẹ́ ní òun ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá, nítorí Màmá ń pé ẹni àádọ́rin ọdún, òun á sì mú Àkànní dání. Ọmọ ọdún méje tí ìyá rẹ̀ àgbà ò fọwọ́ kàn rí, àfi kí wọ́n máa wò ó nínú fóònù bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ò rí ijó tí Màmá jó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ra àgbò. Àgbò yẹn, ẹ jẹ́ n sọ tirẹ̀. Ìdí igi ìbẹ́pẹ iwájú yàrá mi ni wọ́n so ó mọ́, níbi tí mò ń sá aṣọ sí. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó ti jẹ etí ìró àǹkárá mi, èyí tí a fi sin ọmọ Alájà lọ sílé ọkọ. Mo sọ fún Màmá, wọ́n ní àwọ̀ ewé tó wà lára aṣọ ló tan ẹran jẹ. Mo dákẹ́. Èmi kì í ṣe oníjà.

Kí n má gbàgbé baba ọmọ. Ọmọ Òjé níbí náà ni, iṣẹ́ ló gbé e dé ìlú òyìnbó. Òun àti Àdùkẹ́ ti túká láti ọdún méjì, ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá, baba ń wá mú un lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó tú wọn ká, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé owó ni, ìyá ọkọ ni, àti obìnrin nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Peckham.

Ó di alẹ́ ọjọ́ kan, ẹkún la gbọ́ nínú fóònù. Baba Àkànní ní òun ò fọwọ́ síwèé, ọmọ òun ò lọ sí Nàìjíríà.

Hà! Agboolé dàrú. Bàbá Ràfíù, tí kò kọjá Ṣágámù rí, ló kọ́kọ́ fò dìde: "Ta ló rọbí ọmọ? Kó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, kó wọ bààlúù!" Èmi náà kín in lẹ́yìn. Àfi Lọ́yà nìkan, ọmọkùnrin tó gba yàrá ẹnu ọ̀nà, tí aṣọ dúdú rẹ̀ máa ń wà lórí okùn bí igún, òun ló ń mirí. Ó ní bí Àdùkẹ́ bá dán an wò, ẹ̀wọ̀n ni. Ó ní òfin kan wà lọ́hùn-ún láti 1984: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ìyá ò gbọdọ̀ dá a gbé kúrò nílùú, baba náà ò gbọdọ̀ dá a gbé, àfi bí ẹnì kejì bá gbà tàbí tí kóòtù bá gbà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè gùn tó ọdún 7. Baba tí àyà ń já sì lè ké sí ọlọ́pàá, kí orúkọ ọmọ ti máa dúró de ìyá rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú kó tó gbé báàgì kalẹ̀.

Ìyá Káfáyà ní ṣebí wọn ò ṣe ìgbéyàwó kóòtù, kí ni baba wá ní níbẹ̀? Lọ́yà ní orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìbí ọmọ, ó sì ti tó. Láti oṣù Kejìlá 2003, baba tí òun àti ìyá bá jọ lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti láṣẹ lórí ọmọ, ì báà má ra òrùka fún ìyá.

"Àṣẹ ìyá ńkọ́?"

"Ti ìyá wà láti orí ìkúnlẹ̀."

Èmi gbọ́, mo ní ó kúkú dáa. Lọ́yà tún ní ká ní Àdùkẹ́ ti gba ìwé kóòtù pé ọ̀dọ̀ òun lọmọ ń gbé ni, ì bá lè mú un jáde fún ọjọ́ 28 láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹnu lásán ni wọ́n fi pín ọmọ. Ìwà ilé wa ni, a ó máa sọ pé "ṣebí ara wa náà ni", títí ara yóò fi máa bu ara jẹ.

Ìlẹ̀kùn kejì tún wà. Ọmọ náà ní pásípọ́ọ̀tù tiwọn, kò ní tiwa. Bí ìyá bá fẹ́ gba tiwa fún ọmọdé, ní ilé aṣojú Nàìjíríà tó wà ní Northumberland Avenue, wọ́n á ní kó mú ìwé ìfọwọ́sí òbí méjèèjì wá. Ìbínú gun Ìyá Káfáyà, ó sán ìró: "Lọ́la, wọ́n á ní ká gbàwé lọ́dọ̀ ọkọ ká tó mí!" Ni Lọ́yà bá rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Obìnrin kan, Priye Iyalla-Amadi, ìyàwó Elechi Amadi tó kọ ìwé The Concubine, lọ gba pásípọ́ọ̀tù tuntun fún ara rẹ̀, wọ́n ní kó lọ mú lẹ́tà ọkọ wá. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt, ní 2009 adájọ́ sì ní ìyànjẹ ni, òfin orílẹ̀-èdè ò gbà á. Gbogbo obìnrin agboolé pàtẹ́wọ́. Èmi ò tiẹ̀ mọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, à bá gbé e jó. Lọ́yà ní ká fara balẹ̀, pé pásípọ́ọ̀tù àgbàlagbà nìyẹn, ti ọmọdé lọ́tọ̀. Àtẹ́wọ́ wa ká sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà á máa rò ó pé kí ló dé tí baba náà fi ranrí. Wọ́n ní ẹnì kan ló sọ fún un pé Àdùkẹ́ fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ sí Ìbàdàn. Ta lẹni náà? Èmi kọ́ o. Àgbò yẹn mà tún já okùn lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó wọ yàrá Lọ́yà, ó jẹ ìwé ẹjọ́ ẹni ẹlẹ́ni...

Ó dáa. Ẹ súnmọ́ mi.

Mo lọ sí Òjé lọ wo aṣọ òfì, nítorí Màmá ní kí n bá àwọn yan èyí tí ẹbí máa wọ̀. Mo yà sí ìsọ̀ kan. Ṣé ẹ̀bi mi ni pé ẹ̀gbọ́n baba Àkànní ló ni ín? Mo kàn ní kí n kí wọn ni. Mo ní, "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé." Wọ́n ní ọmọ wo? Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí, mo lè dákẹ́ lójú ọmọlúàbí tó bi mí ní ìbéèrè? Mo sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Màmá, pé, "Àdùkẹ́, fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún mi, kí n kọ́ ọ ní Yorùbá, kó mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Màmá sọ ọ́, n ò fi kún un. Àdùkẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó ní, "Màmá, ẹ ò tún ní yé ṣàwàdà." Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mi ò gbé dé Òjé.

Ti ilé ìwé tí mo fi lé e, Màmá ló ní kí n bá àwọn bèèrè owó ilé ìwé tó wà lódìkejì títì. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ọmọ Ìyá Káfáyà ni wọ́n ń bèèrè fún.

Ìyá aláṣọ ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ni wọ́n kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ àárọ̀. Èmi kì í lè tẹ fóònù, lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù, mo bá fi ohùn ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Àdúrà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́, baba náà kì í ṣe wèrè. Ẹ rántí ọmọ ilé kejì tí à ń pè ní Máńchẹ́sítà. Wọ́n ní kó wá kí bàbá àgbà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún mẹ́fà ló lò. Àwọn òbí ní ilé ìwé ọ̀hún ti ń bà á jẹ́, wọ́n fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pa mọ́ sínú àpótí. Nísinsìnyí, ó ń ta àpò fóònù ní Gbági, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ju tèmi lọ. Bí mo bá bímọ sí òkèèrè, tí ẹnì kan fi irú ohùn yẹn ránṣẹ́ sí mi, èmi náà ò ní fọwọ́ síwèé.

Lọ́yà sì tú àṣírí tó kù. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe àdéhùn ní ìlú Hague ní 1980, pé bí òbí kan bá gbé ọmọ sá, ìjọba ibi tó sá dé á bá wọn dá ọmọ padà kíákíá, ibi tọ́mọ ti wá ni wọ́n á ti jà á. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Bí Àkànní bá há sí Ìbàdàn, baba rẹ̀ á wọ bààlúù wá, á gba lọ́yà níhìn-ín, á bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ látilẹ̀, kí ọmọ sì máa dàgbà lọ. Ìdí nìyẹn tí adájọ́ ibẹ̀ fi máa ń la ojú méjèèjì bó bá gbọ́ Nàìjíríà. Ó ń dùn mí, àmọ́ ta ni ká bá wí?

Àdùkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Oṣù Kejìlá dé, ó kọjá. Màmá pé àádọ́rin ọdún láìsí ìlù, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àgbò títí ọmọ yóò fi dé. Àgbò ń sanra lórí aṣọ mi.

Ọjọ́ tí ẹjọ́ pé, ohùn mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́! Èmi tí mi ò ní físà! Wọ́n ti wá ògbufọ̀ tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé mẹ́ta. Àdùkẹ́ fi ránṣẹ́ sí Màmá, Màmá gbé e fún Lọ́yà pé kó kà á sókè láàárín agboolé. Mo fẹ́ wọlé, wọ́n ní kí n jókòó. Ibi tí mo ti ṣàdúrà pé, "Ayọ̀ tó wọlé dé yìí, kò ní jáde mọ́ láéláé," adájọ́ ní kí ni nǹkan tó wọlé tí kò ní jáde mọ́ yìí? Lọ́yà baba Àkànní ní ọmọ ni. Wọ́n pe ògbufọ̀, ògbufọ̀ laàgùn, ó ní àdúrà ni, bí Yorùbá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n fi wákàtí kan yẹ àdúrà mi wò.

Adájọ́ obìnrin yẹn gbọ́n, ẹ má wò ó. Ó ní ohun tóun fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ìyá yìí lè gbé ọmọ sá, bó bá gbé e sá, báwo ni ìyà rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó fún ọmọ, àti okùn wo la lè fi so ọ̀rọ̀ náà kó má já. Bí ẹni tó fẹ́ so àgbò. Màmá Aláró lọ búra níwèé ní kóòtù Ìyágankú pé ọmọ á padà. Àdùkẹ́ fi £3,000 sọ́wọ́ lọ́yà rẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ọmọ ò bá padà, owó di ti baba, kó fi pe ẹjọ́. Ọjọ́ 14 péré, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, kí ọmọ máa rí baba rẹ̀ nínú fóònù ní ọjọ́ kan sí èkejì. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ibi tí ọmọ á sùn síwèé, ìyẹn ni pé àdírẹ́sì agboolé wa, pẹ̀lú igi ìbẹ́pẹ, wà nínú fáìlì kóòtù Lọ́ńdọ̀nù. Bí baba ṣe rí gbogbo èyí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé bírò wá. Ó fọwọ́ sí ti ìrìn àjò, ó fọwọ́ sí ti pásípọ́ọ̀tù wa. Àdùkẹ́ ní ó sunkún. Ìyẹn ò sí nínú ìwé o, àárín ògiri ni mo ti gbọ́ ọ.

Wọn ò sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ fún mi. Gbogbo agboolé mọ̀, títí dé ọmọ alákàrà. Aṣọ ni mò ń fọ̀ tí mo gbọ́ fóò mọ́tò, mo sáré jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o! Ọmọ London, káàbọ̀!" Ọmọ náà gbọ́ ohùn mi, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó dà bí ẹni ń jẹ iṣu gbígbóná sọ ọ́ ketekete pé: "Mọ́mì, ìyá inú fóònù nìyẹn."

Wọ́n pa àgbò náà. Mo jẹ nínú rẹ̀, ìró mi ni mò ń jẹ.

Ohun tó dùn mí ni ẹ̀bùn tí Àdùkẹ́ mú wá fún Màmá. Nǹkan kékeré kan ni, bí ẹ̀wà, wọ́n ń kì í bọ etí. Wọ́n ní Màmá ti ń gbọ́ ketekete báyìí, wọn ò fi fóònù sí sípíkà mọ́. Òru ni wọ́n padà lọ sí pápákọ̀ òfurufú, mo ti sùn. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti gbé etí lé ògiri, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé apá ibi kànga, tí wọ́n ń wá jókòó sí lálẹ́, ṣé Àdùkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ ti gúnlẹ̀ ire? Wọ́n ti dá £3,000 yẹn padà fún un?