Àkísà Wọ Ọjà

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn bàbá wa fi ń pa ọmọ tó bá ń ṣe fáàrí lẹ́nu mọ́, ó sì dá wọn lójú gan-an ni. Aṣọ, ẹni tó bá lówó á rà á. Àkísà ńkọ́? Ta ni yóò tà á fún un? O ní láti kọ́kọ́ wọ aṣọ gbó, kí o fi ṣe ìgbéyàwó, kí o fi lọ síbi òkú, kí ìyàwó fi pọn ọmọ, kó tó di àkísà. Ọdún ni wọ́n fi ń ra àkísà, ọmọdé kò sì ní ọdún lápò.

Àwọn bàbá wọ̀nyẹn kò rí eBay rí ni.

Lónìí, ọmọ ọdún méjìlélógún lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Ògólóńtò, ní Ìkòròdú, kó fi fóònù ra àkísà tí bàbá rẹ̀ kò ní rí, kí wọ́n sì fi páálí gbé e wá fún un láti Japan. Ẹ má rò pé ṣòkòtò jíǹsì tí orúnkún rẹ̀ ya ni mò ń sọ, ìyẹn ti sú wa. Àpótí irin dúdú ni, èyí tí wọ́n ń tò sí sítúdíò, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú ohùn olórin dà bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló ti ń kọrin. Àwọn pródúsà ń pè é ní reverb. Àwọn tó ń to ẹ̀rọ sí òde àríyá ń pè é ní ẹ́kò, kò sì sí wòlíì kan tó gbà láti wàásù láìsí i.

Nígbà kan, sítúdíò tó bá fẹ́ ohùn gbọ̀ngàn ní láti wá gbọ̀ngàn. Ilé-iṣẹ́ Capitol ní Hollywood kọ́ yàrá sábẹ́ ilẹ̀ nítorí rẹ̀: ẹ̀rọ kan ń ké níbẹ̀, máìkì ń gbọ́ ọ ní ìkángun kejì. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ EMT ní Jámánì gbé irin pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n so rọ̀ sínú àpótí gígùn, tó ń gbọ̀n bí ohùn bá ti kàn án. Gbogbo rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí kílò 270. Ní 1976, EMT kan náà, pẹ̀lú Barry Blesser ará Amẹ́ríkà, wá gbé EMT 250 jáde, àkọ́kọ́ èyí tí wọ́n tà tó ń fi ìṣirò ṣe iṣẹ́ tí irin ń ṣe. Ó rí bí ẹ̀rọ tí òyìnbó fi ń yáná nígbà òtútù, ọ̀pá tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn sì yọ gọnbọ lórí rẹ̀. Lexicon 224 tẹ̀lé e ní 1978. Nígbà tó di 1985, Yamaha gbé SPX90 jáde, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé ẹgbẹ́ olórin lásán lè dá owó jọ rà á.

Ní 1976 tí EMT 250 dé yẹn náà ni Salawa Abẹ̀ní, ọmọ Ìjẹ̀bú etí omi tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dọ̀ Leader Records, ó fi ṣèdárò Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ọmọ nǹkan bí ọdún 15 ni. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn ọmọ náà mọ̀ pé kò dúró de ará Jámánì kankan kó tó kún ilé. Nígbà tí King Sunny Adé sì ṣe àwo Juju Music fún ilé-iṣẹ́ Island ní 1982, kò sí ẹni tó wí fún un pé àfi kó lọ wá ẹ̀rọ ọdún 1940 kí ìlù tó lè dùn. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí pródúsà wa ń fi owó wá. Etí ọmọ èèyàn tó dá ṣáṣá ń gbọ́ ohùn dé nǹkan bí 20,000 Hertz. Lexicon 224 kò kọjá nǹkan bí 8,000, SPX90 dúró sí 12,000. Kì í ṣe pé ó wu àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìrántí inú ẹ̀rọ ìgbà náà kéré, ó sì wọ́n gógó. Bí ohùn bá pẹ́ nínú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí agolo tí wọ́n lù. Ni wọ́n bá ń mi ìró náà díẹ̀díẹ̀ kí agolo má baà hàn. Ọgbọ́n àìní ni, ọgbọ́n gidi sì ni, etí mi gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mímì yẹn, àléébù tí wọ́n fi bo àléébù, ló ti di ọjà iyebíye, tí wọ́n ní ó ń mú orin móoru. Ní Ìkòròdú! Níbi tí iná ti lọ láti àná, tí ògiri pàápàá ń làágùn, èèyàn ṣì ń sanwó kí orin lè móoru.

Ẹni tí kò lówó àpótí náà kò sì bọ́. Ilé-iṣẹ́ Valhalla ń ta ti kọ̀ǹpútà ní dọ́là 50, VintageVerb lórúkọ rẹ̀, bọ́tìnì kan sì wà lára rẹ̀ tí a fi ń yan àwọn ọdún 1970, àwọn ọdún 1980, tàbí ti ìsinsìnyí. Iṣẹ́ ẹni tó ṣe é dára, n kò bá a jà. Àbí ẹ ò rí i? Ọdún tí ọmọdé kò ní lápò ti dé orí bọ́tìnì. Ẹ tún bá mi tò ó: gbọ̀ngàn ni irin ń sín jẹ, àpótí ń sín irin jẹ, kọ̀ǹpútà wá ń sín àpótí jẹ, òmíràn tilẹ̀ ń sín ariwo tí àpótí ń pa jẹ.

Ká padà sí Ògólóńtò, páálí ti dé. Lẹ́yìn àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ń gbà wọlé, wọ́n kọ 100V ní lẹ́tà tíntìntín, nítorí iná Japan nìyẹn. Tiwa, lọ́jọ́ tó bá dé, 230 ni. Ẹni tí kò bá rí lẹ́tà yẹn kò ní pẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó rí i á lọ ra tíránsífọ́mà, á da epo sí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ á sì bá wọn kọrin lọ́fẹ̀ẹ́. Bátìrì kékeré inú àpótí náà ti kú tipẹ́, gbogbo ohùn tí ẹni tó kọ́kọ́ ni í fọwọ́ ara rẹ̀ tò pamọ́ síbẹ̀ ti bá a lọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́ di àkísà gidi, ìyẹn ìrántí ẹni tó lò ó gbó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wá kù kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ọ̀gá pródúsà, níbi tí kámẹ́rà fóònù á ti mú un.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbọ̀ngàn ọ̀fẹ́ kún Ìkòròdú fọ́fọ́. Láti Ìgbógbó dé Ìmọ̀tà, ilé tí wọ́n rẹ́ tí wọn ò tíì kùn, tí kò ní fèrèsé, tí kò ní àga, tí onílé ṣì ń wá owó rẹ̀ kiri ní London: ẹ wọ pálọ̀ rẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí Capitol wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wá nìyẹn. Ẹ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé lówó mínírà, kí ẹ gbé máìkì sídìí àtẹ̀gùn. Ṣé kì í ṣe ìlú yìí náà ni àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois ti fi bárò àti ìkòkò ṣe àwòkọ fíìmù Hollywood, títí Netflix fi fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020? Wọn ò wá kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni lò láyé àtijọ́.

Ó dájú pé lọ́jọ́ tí owó ẹrù láti Japan bá wọ ọmọ wa lọ́rùn, á gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ bá àgbà kan tó ń yáni ní ẹ̀rọ orin láyé kásẹ́ẹ̀tì fújì. Mo mọ bí yóò ṣe lọ.

"Ẹ káàsán o, Bàbá. Wọ́n ní ẹ ní SPX90."

"Èwo nìyẹn? Ẹ̀rọ ẹ́kò yẹn? Òun nìyẹn lábẹ́ fáànù, òun ló ń bá wa gbé e sókè."

"Èló ni, sà?"

Bàbá, tó ti fẹ́ dà á fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù lọ́sẹ̀ tó kọjá, á wo bàtà ọmọ náà, á wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. "Ọdún mélòó ni irú ẹ̀ ti jáde?"

"Á tó ogójì ọdún, sà."

"Ó dáa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lórí ọdún kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, eruku pọ̀ lára ẹ̀. Ṣé kí n nù ún ná?"

"Má fọwọ́ kàn án! Eruku yẹn wà nínú iye tí mo pè fún ẹ."