Ta Ló Ra Orin Yìí Fún Mi?

Ẹ̀yin ará Ìkòsí, ẹ̀yin ti Kétu, ẹ̀yin tí ẹ ń já ata ní Mile 12, ẹ gbà mí o! Mo ra káàdì láàárọ̀, mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni, owó ti lọ. Wọ́n ní mo ra orin. Orin wo? Orin tí ẹni tó bá pè mí yóò máa gbọ́ kí n tó gbé fóònù. Èmi tí mo ni owó ò tíì gbọ́ orin ọ̀hún rí. Ìyá ìyàwó mi ló gbọ́ ọ. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá pè mí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń kọrin ìdí sí àwọn létí. Ìyá ìjọ ni wọ́n o! Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún mi lákànṣe.

Mo pe ilé-iṣẹ́ fóònù mi. Ẹ̀rọ ní kí n tẹ nọ́ńbà tó bá jẹ́ ti Yorùbá, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan ní kí n ṣe sùúrù, ó wá fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú orin mìíràn. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá dáhùn, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ra á o. Ẹ̀rọ wa kì í parọ́." Ṣé èmi wá ni mo ń parọ́ nìyẹn? Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Owó tí wọ́n ń san fún lọ́yà lóṣù ju owó ilé tí mò ń san lọ́dún lọ.

Kí wá làwa ń ṣe sí i? À ń bínú nínú dánfó ni. Láti Mile 12 dé Òjótà, a ó ti ṣépè fún wọn dé ìran kẹta. Kọ̀ńdọ́ á dá sí i. Ìyá aláta á ní oníbàárà ti gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lọ, àlẹ́ẹ̀tì owó ò dé. Nígbà tí a bá sọ̀kalẹ̀, gbogbo wa á tún ra káàdì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀nà wà, a sì ti tọ̀ ọ́ rí. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé lọ́dún 2001, ìṣẹ́jú ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń kà. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré ju ìṣẹ́jú kan lọ, owó ìṣẹ́jú méjì ni wàá san. Aráàlú ní kí wọ́n máa ka ìṣẹ́jú àáyá, àwọn ilé-iṣẹ́ ní kò tíì ṣeé ṣe. Globacom wọlé lóṣù Kẹjọ ọdún 2003, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ọ̀pọ̀ èèyàn pa fóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe wá di ṣíṣe. Iṣẹ́ ìyanu!

Àmọ́ fóònù pípa kì í bà wọ́n lẹ́rù pẹ́. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ni NCC l'Ábújà, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1992. Ní 2012, àjọ yìí bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.17 náírà lé ilé-iṣẹ́ mẹ́rin nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì burúkú. Ní 2015, ó dé orí MTN: láìnì tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí wọn ò forúkọ wọn sílẹ̀ dáadáa, náírà 200,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí ó fi di bílíọ̀nù 330 lọ́dún 2016. Bí ẹ̀bẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún olówó nìyẹn. (Ọ̀dọ̀ ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ, kò sí kọ́bọ̀ tó dé Ìkòsí. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.) Àjọ kejì, FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé àwọn tó ni Facebook àti WhatsApp ní 2024. Ṣé ẹ wá rí i pé ẹnu ìjọba ká wọn?

Ẹ má sì rò pé tiwa nìkan ni NCC ń ṣe. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fẹ́ fi owó kún owó ìpè, wọn ò ṣépè nínú dánfó. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ bá NCC, wọ́n ní kó di ìlọ́po méjì. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ fún wọn ní ìdajì ohun tí wọ́n béèrè: ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ló lọ síbẹ̀ fún àwa ará ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe? Aṣojú-ṣòfin wa l'Ábújà ńkọ́, tó mọ ojú ilé gbogbo wa nígbà ìbò àti ìrẹsì? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa ti kọ̀wé sí i nípa káàdì rí? Tí kò bá rí lẹ́tà wa, kí la fẹ́ kó rí?

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹjọ́ yìí kúrò nínú dánfó. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ oníṣòwò bá ń dà yín láàmú, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Bí wọ́n bá jẹ owó yín, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ yín, kí ẹ sì rí i pé ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn ò bá dá a padà, ẹ pe 622, NCC nìyẹn. Wọn kì í gba owó ìpè.