Oríkì Iwájú Super Eagles, Ọba Tí Í Tọrọ Góòlù Lọ́wọ́ Ará Ẹ̀yìn

Kábíyèsí Iwájú Super Eagles, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí aró irun yín má ṣí. Asùnrárà yín ti Raji Rasaki Estate ló wá kí yín o. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wa ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin. Orúkọ ọ̀gágun tó ṣe gómìnà Èkó ni wọ́n fi sọ àdúgbò wa, nítorí náà, a mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni ńlá. Ẹ má ka àwọn tó ń pòṣé lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi sí. Owó ìwọlé tí wọ́n san ló ń dùn wọ́n. Ní tèmi, ẹnu ni mo fi wọlé, ẹnu náà ni n ó sì fi sanwó. Ẹ jẹ́ n tètè kì yín kí epo jẹnẹrétọ̀ tó tán.

Iwájú, ọmọ atamátàsé,
ọmọ a-ta-á-lu-òpó, a-ta-á-lu-pátákó-ìpolówó,
tí kò jẹ́ ta á lu àwọ̀n kí àwọ̀n olówó má bàa ya.
Ọmọ a-gbá-á-sí-sánmà kí sánmà lè mọ̀ pé a dé.
Ọba tó ní ẹṣin mẹ́wàá ní Yúróòpù,
tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Uyo.
Lesotho wá kí yín nílé, ẹ fi ọ̀mì ṣe é lálejò.
Zimbabwe náà wá, ẹ ní àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo,
ẹ dúró dìgbà tí agogo fẹ́ lù tán, ẹ jẹ́ kó mú tirẹ̀ dání lọ.
Ọlọ́wọ́ ẹ̀bùn tí kì í rántí ara rẹ̀!

Ta ni ó tó yín lọ́rọ̀? Victor Osimhen gbá góòlù 26 wọlé nínú líìgì Ítálì ní sáà 2022/2023, Napoli gbé ife lọ sílé, wọ́n sì fi ọmọ Olúsọ́sùn jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún 2023. Lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2024, ní Dublin, Ademola Lookman dá gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Bayer Leverkusen, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà. Oyè Áfíríkà tún wọ ilé yín lọ́dún yẹn. Ọdún méjì léra, agbo ilé kan náà! Ká tó wá dárúkọ Victor Boniface ọmọ Àkúrẹ́, ká tó kan Chukwueze àti Moses Simon. Bí wọ́n bá ní kí ọlọ́rọ̀ jáde síta, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde. Bí wọ́n bá wá ní kí ọlọ́rọ̀ náà ra gúgúrú fún ọmọ ilé rẹ̀, ẹ máa jókòó padà ni.

Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù tí ẹ dì lọ sí ọ̀nà Ife Àgbáyé 2026. Oṣù Kọkànlá 2023, Lesotho wá sí Uyo, 1–1. Ta ló gbá tiwa wọlé? Semi Ajayi, adilémú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Zimbabwe ní Rwanda, kí wọ́n tó wá kí yín nílé, 1–1. Kelechi Iheanacho ló gbá tiwa wọlé. Ọmọ iwájú ni, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Oṣù Kẹfà 2024, Gúúsù Áfíríkà wá sí Uyo, 1–1: Fisayo Dele-Bashiru, ará àárín. Lẹ́yìn ìyẹn, ní Abidjan, Raphael Onyedika, ará àárín mìíràn, ló kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé, ni Benin bá dá méjì padà fún wa kí wọ́n tó lọ sinmi. Ẹni tó jókòó lórí àga akọ́nimọ̀ọ́gbá Benin lọ́jọ́ náà ni Gernot Rohr, tó ti jẹ oúnjẹ wa rí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, pọ́ìńtì mẹ́ta nínú méjìlá, góòlù mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ló ti ọ̀dọ̀ ọmọ iwájú wá. Osimhen kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ara rẹ̀ kò le. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí, ààfin wo ni gbogbo ìlú ń dákẹ́ nínú rẹ̀ nítorí pé ẹnì kan lọ gba ìtọ́jú?

Ẹ ò kúkú bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní oṣù Kẹta 2022, ẹ lọ kí Ghana ní Kumasi, 0–0. Ghana wá kí yín ní Abuja, 1–1, góòlù tí wọ́n jẹ nílé wa ni wọ́n sì gùn bí ẹṣin dé Ife Àgbáyé ní Qatar. Ẹni tó gbá tiwa wọlé lọ́jọ́ náà? William Troost-Ekong, adilémú, pẹ̀lú pẹ́nárítì. Ẹ tún padà sẹ́yìn, ẹ dé Ife Àgbáyé ní Durban, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2010, nígbà tí bọ́ọ̀lù yí dé ẹsẹ̀ Yakubu Aiyegbeni, tí ojú ilé South Korea ṣí sílẹ̀ gbayawu, tó sì tàsé. Àwọn tí kò tíì bí ọmọ nígbà náà ti ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn báyìí. Bí mo bá ní ẹ wá láti ìran, mo ní ẹ̀rí.

Mo ṣe sàdáńkátà fún yín ní Ivory Coast o, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹ dé àṣekágbá AFCON, ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje, góòlù mẹ́jọ. Lookman mú mẹ́ta. Osimhen mú ọ̀kan. Ọmọ Guinea-Bissau kan ṣàánú yín, ó gbá ọ̀kan sínú àwọ̀n ara rẹ̀. Mẹ́ta tó kù, Troost-Ekong náà ni, títí kan èyí tí a jẹ nínú àṣekágbá kí Ivory Coast tó nà wá 2–1. Nígbà tí wọ́n ń pín oyè, adilémú yìí ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà. Ká má parọ́ mọ́ Osimhen, òun ni wọ́n gbé ṣubú tí a fi rí pẹ́nárítì tí Ekong gbá sáwọ̀n Ivory Coast àti ti Gúúsù Áfíríkà. Iṣẹ́ náà kọjú sí i, ó ṣubú fún wa. Ọ̀nà kan nìyẹn láti fi ara ṣiṣẹ́ ìlú.

Ekong dáko, Ajayi roko,
Bassey adilémú lọ kórè góòlù ní Bloemfontein,
Iwájú gbé àwo, ó ní òun ló ni oúnjẹ.
Ọba a-fi-adilémú-ṣe-atamátàsé,
a-fi-atamátàsé-ṣe-ọ̀ṣọ́-ojú-pápá.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Rashidi Yekini gbọ́.

Yekini, ẹni tó gbá góòlù 37 wọlé fún Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Dallas, lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé sáwọ̀n Bulgaria, ó wọ inú àwọ̀n lọ, ó dì í mú, ó ń sunkún. Gbogbo ayé ló rántí ẹkún yẹn. Orúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wá bá a kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Finidi George ni. Ibẹ̀ yẹn ni bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòran wa ti dá mi dúró. Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o kí ọba, o kí ọba, o ò kí ìjòyè. Ta ló gbé bọ́ọ̀lù fún Osimhen?" Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ la ojú mi." Ó yẹ kí n kí ìjòyè lóòótọ́.

Ẹ̀yin Olóyè Àárín, mo júbà. Ọmọ a-gbé-e-sẹ́yìn. Ọmọ a-fi-fún-Bassey, kí Bassey fi fún Ekong, kí Ekong dá a padà. Bí wọ́n bá ní ká gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, Wilfred Ndidi mọ̀ ọ́n ṣe, Onyedika mọ̀ ọ́n ṣe, Frank Onyeka mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbéèrè tó kù ni ohun tí a fẹ́ fi bọ́ọ̀lù náà ṣe nígbà tí a bá gbà á tán. Ẹni tí yóò gbórí sókè, tí yóò rí àlàfo láàárín adilémú méjì, tí yóò sì ti bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ kí àlàfo tó pa dé, ẹ̀ka iṣẹ́ yẹn ti ṣófo díẹ̀ láti ìgbà Jay-Jay Okocha. Bọ́ọ̀lù há sáàárín ju tírélà Mile 2 lọ. Nígbà tó bá rọ́nà yọ, ẹ̀gbẹ́ ló máa yà sí. Simon tàbí Chukwueze á sáré, á yí adilémú kan po, á gbé e sókè sínú bọ́ọ̀kìsì. Ta ló wà níbẹ̀? Osimhen nìkan, láàárín ọkùnrin mẹ́ta tó ga bí i rẹ̀. Lesotho mọ èyí. Zimbabwe mọ̀ ọ́n. Wọ́n kó ará ilé wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ká máa gbé e sókè bọ̀, ilẹ̀ á ṣú. Nígbà tí Osimhen wà ní Napoli, Kvaratskhelia ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé àwo oúnjẹ wá bá a níbi tó jókòó sí. Nílé, òun ló máa dá iná, òun ló máa gún iyán, òun náà ni wọ́n á bú pé iyán lẹ́mọ.

Ẹ̀yin Olóyè NFF, àjọ bọ́ọ̀lù wa, ṣé ẹ rò pé mo gbàgbé yín ni? Ọmọ a-gba-akọ́nimọ̀ọ́gbá-lówùúrọ̀, a-kí-i-pó-dàbọ̀-nírọ̀lẹ́. José Peseiro lọ lẹ́yìn AFCON. Finidi kan náà tó gbé bọ́ọ̀lù fún Yekini gba iṣẹ́, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì ti oṣù Kẹfà ló fi gbàyẹ̀wò, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, ẹ kéde Bruno Labbadia, ará Jámánì, ẹ kí i káàbọ̀, ọkùnrin náà kò sì wá. Augustine Eguavoen bá yín di àga náà mú. Ní oṣù Kìíní 2025, ẹ mú Éric Chelle wá. Orúkọ márùn-ún láàárín ọdún kan! Ìgbà wo ni àárín àti iwájú fẹ́ mọ ìrìn ara wọn? Ní Rabat, lọ́jọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2025, tí a máa pàdé Gabon lọ́túnla nínú ìdíje àfikún fún Ife Àgbáyé, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀, wọn ò lọ ṣe ìdánrawò, nítorí owó ajẹmọ́nú tí wọ́n jẹ wọ́n. Ọlọ́lá, ẹ máa ń rí owó ọ̀hún lẹ́yìn tí ojú bá ti ti gbogbo wa tán.

A na Gabon 4–1. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú 16, DR Congo ló kàn. Onyeka, ará àárín, gbá ọ̀kan wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta, estate wa mì tìtì. Congo dá a padà. Osimhen fara pa, kò jáde fún ìdajì kejì. Láti ìgbà náà títí àfikún àkókò fi parí, Kábíyèsí, ẹ ò gbá ọ̀kankan wọlé mọ́. Nínú pẹ́nárítì, Bassey, Simon àti Ajayi sọ tiwọn nù. Àwọn tó ti ń bá yín ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn, ó rẹ àwọn náà. Congo ní mẹ́rin, a ní mẹ́ta, ọ̀nà Ife Àgbáyé sì dí mọ́ wa. Cape Verde, tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, ti di àlejò Ife Àgbáyé ní tirẹ̀. Ẹ máa sún mọ́ máàpù dáadáa kí ẹ tó rí i.

Bí ẹnì kan bá ní asùnrárà yìí kò mọ rere sọ, ó parọ́. Nígbà tí AFCON dé Morocco ní òpin oṣù Kejìlá 2025, Chelle ṣe ohun tí bàbá oní-fíríìjì ti ń sọ. Ó fi Alex Iwobi sáàárín kó máa pín bọ́ọ̀lù, ó fi Lookman sẹ́yìn atamátàsé méjì, Osimhen àti Akor Adams. Tunisia gba mẹ́ta, Uganda gba mẹ́ta, Mozambique gba mẹ́rin, Algeria gba méjì. Ẹsẹ̀ kan náà ni o, àwọn ọmọ kan náà. Nígbà tó di ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Morocco dí ọ̀nà tí Lookman ń gbà, a ò jẹ góòlù kan títí dé pẹ́nárítì, ibẹ̀ la ti ṣubú. A pàdé Egypt fún ipò kẹta, 0–0 náà ni, àmọ́ pẹ́nárítì gbè wá níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀nà kan ṣoṣo tí oúnjẹ ń gbà wọlé bá dí, ebi ni.

Torí náà, Kábíyèsí Iwájú, mo yọ yín lẹ́jọ́ ìdajì. Ẹ mú ìdajì tó kù lọ fún Yakubu. Chelle, ẹ bá wa wá ẹni kejì tó lè ṣe iṣẹ́ tí Iwobi ń ṣe, nítorí oṣù Karùn-ún 2026 ni Iwobi pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin Olóyè NFF, ẹ san owó àwọn ọmọ yìí kí wọ́n tó wọ bàlúù, ẹ má sì pààrọ̀ Chelle kí ó tó rí ọdún mìíràn lò.